Faransé Ni Mo Wá Kọ́ Wọn, Etí Ni Mo Fi Ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tú mi fó lọ́jọ́ kejì tí mo dé Ṣàgámù. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìyá mi, mo bá yà sí ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí obìnrin tó jókòó níbẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ ra bíìkì.”

Ó wò mí. “Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Bíìkì. Èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé.”

“Háà! Báírò!” Ó kígbe pe ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. “Ẹ wá gbọ́ Yorùbá o! Ó ní bíìkì!” Nígbà tó máa kọjú sí mi padà, ohùn rẹ̀ ti yí. Ó ń sọ̀rọ̀ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. “Níbo. Lẹ. Ti. Wá?”

Kétu ni mo ti wá. Yorùbá ni wá ní Kétu, Yorùbá ni ìyá mi fi bí mi, òun náà ni mo fi ń lálàá. Àmọ́ àwọn òyìnbó ti fi ààlà gba àárín wa kọjá kí wọ́n tó bí bàbá mi, apá ọ̀dọ̀ àwọn Faransé la sì bọ́ sí. Faransé ni mo fi ka gbogbo ìwé tí mo kà. Òun náà ló gbé mi wá sí Rẹ́mọ: ilé ìwé girama kan ní Ìlárá ń wá tíṣà Faransé, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kò ríṣẹ́ nílé. Kí n tó kúrò nílé, èrò mi ni pé òkèèrè ni ibi tí èèyàn kò ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè gbọ́ ọ, kó sì jẹ́ àlejò síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ni mo ń gbọ́. Ìjokù, àdúgbò kan ní Ṣàgámù, ni mo gba yàrá sí, ní ilé Alhaja kan tó ń ta obì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, bàbá arúgbó kan wọlé wá kí Alhaja, ó rí mi níbi tí mo ti ń fọṣọ, ó ní, “Yèsí rèé?”

Mo dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Ẹ má bínú, bàbá, èmi kọ́ ni Yèsí.”

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé agbọ̀n obì. “Ta nìyí ló ń bi wá! Yèsí kì í ṣe orúkọ, ta ni ni.” Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi nínú agbo ilé yẹn di Yèsí. Ó dùn mí fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé ẹni tí wọn kò bá fẹ́ràn, wọn kì í fún un lórúkọ.

Alhaja yìí náà ló fún mi ní ebìrìpò nígbà àkọ́kọ́. Mo tú ewé, mo rò pé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, mo gé e tóbi sẹ́nu. Kókò ni! Mo dákẹ́, mo ń jẹ ẹ́ lọ bí ẹni tó ń jẹ oògùn. Alhaja ní, “Yóò mọ́ ẹ lẹ́nu.” Ó sì mọ́ mi lẹ́nu.

Ohun tí kò tètè mọ́ mi lára ni ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá ti Ìlárá dé, tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ilé gbogbo ló ń pe àwọn tiwọn wọlé. Mo máa ń jókòó sórí ibùsùn, màá máa dá sọ̀rọ̀ kí etí mi má bàa gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń lọ tò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láti pe ibi iṣẹ́ àbúrò ìyá mi ní Kétu. Ìyá mi á ti jókòó dè mí níbẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà mìíràn, ìlà kò ní wọlé, èmi níbí, òun lọ́hùn-ún, a óò kàn dìde lọ sílé. Nígbà tó bá wọlé, ariwo la máa ń pa.

“Ṣé ara le?”

“Ara le, Màmá!”

“Ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa sí ẹ?”

“Wọ́n ń ṣe dáadáa!”

Kí n tó rántí ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an, ìlà á ti já.

*

Nígbà tí ìjọba sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ọmọ ya wọ ilé ìwé wa bí omi. Kíláàsì tó ń gba ogójì di ọgọ́rin. Àwọn ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná, àwọn tó ń sùn ní kíláàsì, àwọn tí kò wá mọ́, kò sẹ́ni tó ráyè bi wọ́n pé kí ló dé. Ìwé wá dé pé kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan yan tíṣà kan tí wọn yóò kọ́ ní iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn, kó lè máa gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ. Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀kọ́ náà, odindi ọdún kan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi Sátidé rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé wa, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń dé ẹnu géètì láti inú ọ́fíìsì, wò yíká títí ojú rẹ̀ fi bà lé mi.

“Ìwọ ni iṣẹ́ rẹ kéré jù níbí. Ìwọ lo máa lọ.”

Káńsẹ́lọ̀ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí lẹ́nu kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àwọn tí a dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ náà. Kò pẹ́ tí bàbá kan ní Ìlárá fi dá mi dúró lójú ọ̀nà pé òun gbọ́ pé mo ti di káńsẹ́lọ̀, kí n jọ̀ọ́ bá wọn wo gọ́tà iwájú ilé àwọn. Mo ṣàlàyé títí. Ó ní òun gbọ́, àmọ́ kí n ṣáà má gbàgbé gọ́tà náà.

Màmá Odùgbẹ̀san ló ń kọ́ wa, ọmọ Ìpẹ̀rú tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń wọ bàtà funfun. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ṣàgámù la ti ń pàdé, àwa bí ogún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí ẹnì kan sọ ìtumọ̀ orúkọ iṣẹ́ wa.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí dìde, tíṣà ẹ̀kọ́ Bíbélì láti Ìkẹ́nnẹ́, tó tún jẹ́ oníwàásù. “Agbaninímọ̀ràn, mà. Ẹni tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn.”

“Ẹ jókòó. Orúkọ yẹn ló máa kọ́kọ́ tàn yín jẹ. Láti òní títí di oṣù mẹ́ta, ẹni tó bá gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn nínú gbọ̀ngàn yìí yóò gbálẹ̀ rẹ̀.”

A rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Mẹ́ta-mẹ́ta ló pín wa. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ẹnì kan á gbọ́, ẹnì kẹta á máa wo àwọn méjèèjì, á máa kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la óò yí ipò padà. Orí tábìlì ni rẹ́kọ́dà wà, ó ń gba ohùn wa sílẹ̀. Nígbà tó kàn mí láti gbọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí ṣe bí ọmọkùnrin kan tí kò fẹ́ padà sílé ìwé mọ́. Ó ní, “Ilé ìwé sú mi, mà.” Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìwé ni ọ̀nà, mo sọ ti bàbá mi tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé, mo pa òwe méjì, mo bẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn sí ara mi.

Màmá yí káséètì padà, ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́. Ohùn mi ń lọ, ń lọ, ń lọ. Lẹ́yìn “ilé ìwé sú mi”, ọmọ náà kò rí àyè sọ ju “ṣùgbọ́n, mà” lọ.

“Nínú àwọn méjèèjì,” Màmá bi wọ́n, “ta ló níṣòro?”

Wọ́n nàka sí mi. Èmi ni mo gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó kọ́ wa láti jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí. Ó kọ́ wa láti mú ọ̀rọ̀ tó sọ, ká fi dá a lóhùn kó lè mọ̀ pé a gbọ́: “O ní ó sú ẹ.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ́ wa láti fara da ìdákẹ́jẹ́. Ó máa ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, á ní ká jókòó kojú ara wa fún ìṣẹ́jú méjì láìsọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ Rẹ́mọ, tí kíkí nìkan máa ń gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún! Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí ń làágùn. Èmi, ìyẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n yọ. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń dákẹ́ láàárín àwọn èèyàn, tí mo ń wo ẹnu wọn, tí mo ń wo ọwọ́ wọn, kí n lè mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn gan-an. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Kò sẹ́ni tó sọ ti etí rẹ̀.

Mo sọ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù pé wọ́n ti ń kọ́ mi níṣẹ́ mìíràn.

“Iṣẹ́ kí ni?”

“Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń dákẹ́, Màmá!”

“Wọ́n tún ń kọ́ ìyẹn nílé ìwé?”

Àṣírí ni ẹ̀kọ́ tó le jù. Sátidé kan, Màmá Odùgbẹ̀san pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹnì kọ̀ọ̀kan létí, ó ní kó má dé etí ẹlòmíràn. Nígbà ìsinmi, ọmọbìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tó ń gbé oúnjẹ fún wa bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ṣeré: “Kí ni Màmá bá yín sọ níbẹ̀ yẹn?” Kí ìrẹsì tó tán nínú àwo mi, mo ti sọ tèmi. Ọmọ Màmá ni ọmọbìnrin náà, Màmá ló rán an láti dán wa wò. Ìtìjú mú mi, mi ò lè wojú ẹnikẹ́ni.

“Ọ̀rọ̀ eré lásán lo tú jáde,” Màmá sọ fún mi. “Òótọ́ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá ẹ sọ kì í ṣe tìrẹ, wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹ ni. Àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Nígbà náà, o máa sọ ọ́, àmọ́ olóhun lo máa kọ́kọ́ sọ fún pé o fẹ́ sọ ọ́.”

*

Mo máa pè é ní Fúnmiláyọ̀. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ìtàn yìí, kí n ṣáà yí orúkọ padà.

Kíláàsì kẹrin ló wà nígbà tó wá jókòó níwájú mi nínú yàrá kékeré tí wọ́n fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá, tó jókòó, tí kò sọ nǹkan kan. Èmi náà jókòó. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní, “Ìyá mi ò kú, mà.”

“Ìyá rẹ ò kú.”

“Bàbá mi ló ń sọ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n ti kú.”

Orí ìyá rẹ̀ ló dàrú lẹ́yìn ìbímọ kan, ó sì wà nílé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàárẹ̀, ní ìlú mìíràn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gba àlejò láyè níbẹ̀. Ọmọ yìí á yọ́ kúrò nílé ìwé lọ́jọ́bọ̀, á lọ wọkọ̀ ní Intaséńjì, ìkóríta ńlá tí ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ti ń gbé èrò ní Ṣàgámù, á gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún ìyá rẹ̀, á sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í léèrè gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi láti bi í: ta ló ń wọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni ń dà á láàmú lọ́nà. Ó ní ìyàwó àbúrò ìyá òun ló máa ń dúró de òun ní Intaséńjì, pé àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ṣèlérí.

Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba kéde pé kí àwọn àlejò tí kò níwèé fi orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Láti inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń rí wọn ní Intaséńjì, àwọn ará Gánà pẹ̀lú àpò ńláńlá lórí, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí kò ní àyè. Èmi níwèé. Àmọ́ ìwé mi máa tó parí, lẹ́tà ọ̀gá wa nìkan ló sì lè tún un ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ló pè mí sí ọ́fíìsì.

“Wọ́n rí Fúnmiláyọ̀ láàárín àwọn dírẹ́bà ní Intaséńjì. Lánàá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà. Ọmọ yẹn máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ. Níbo ló ń lọ?”

“Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kì í ṣe tèmi.”

“Ó wà lábẹ́ mi. Ìwọ náà wà lábẹ́ mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Bí nǹkan bá ṣe é ńkọ́? Ta ni bàbá rẹ̀ máa wá bá? Ṣé ìwọ ni?”

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ló wà lọ́rùn rẹ̀. “Bó bá jẹ́ pé ewu ń bẹ níbẹ̀, mà, èmi fúnra mi ni mo máa wá bá yín.”

Ó ṣí fáìlì kan. Mo rí fọ́tò mi lórí rẹ̀. “Ọjọ́ Ajé ni mo máa lé ọmọ yẹn kúrò nílé ìwé, bí mi ò bá gbọ́ ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́tà tìrẹ náà, ọjọ́ Ajé ni mo máa mọ̀ bóyá màá kọ ọ́.” Ó pa fáìlì náà dé. “Àlejò ni ọ́ níbí. Lọ ronú.”

Mi ò lè jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Alhaja wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

“Yèsí, ṣé ó ṣeé sọ?”

“Kò ṣeé sọ, mà.”

“Ó dáa. Wá bá mi ṣa obì.”

A jókòó sí àgbàlá, a ń ṣa obì, a ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, a ń fi ewé tẹ́ agbọ̀n. Kò béèrè nǹkan kan mọ́. Kò sí ẹ̀kọ́ ní Sátidé yẹn, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ìpè wa lóṣù náà, mo pe ilé. Ìyá mi gbọ́ ohùn mi, ó ní, “Bí wọ́n bá ń lé yín, máa bọ̀. Ilé ò lé ẹ.” Mo sunkún níbi tí mo dúró sí, ẹni tó tò sẹ́yìn mi sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ bá Màmá Odùgbẹ̀san ní Ìpẹ̀rú. Mi ò dárúkọ ọmọ, mi ò dárúkọ ìyá. Mo kàn ní ọ̀rọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀gá mi fẹ́ gbọ́ ọ, mo sì ti pinnu pé wọn ì báà lé mi, mi ò ní sọ.

“O ṣeun,” ló wí. “Ta ló ni ọ̀rọ̀ náà?”

“Ọmọ kan ni, mà.”

“Ṣé o ti bi í?”

Ìgboyà ara mi ti gbà mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rántí lọ bá ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, kí aago ilé ìwé tó lù, mo ti wà ní géètì. Mo mú Fúnmiláyọ̀ wọ yàrá mi, mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún un láìfi nǹkan pa mọ́: pé wọ́n ti rí i, pé wọ́n fẹ́ lé e, pé mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ní, “Ìwọ lo ni ín. Bí o bá ní kí n dákẹ́, màá dákẹ́.”

“Bí mo bá sọ, wọ́n máa pè mí lọ́mọ wèrè.”

“Ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé wọ́n máa pè ẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. “Àmọ́ bí wọ́n bá lé mi, inú ìyá mi ò ní dùn. Wọ́n máa ń bi mí ní ìwé tí mo kà.”

Ó ní òun fúnra òun ló máa sọ ọ́ fún ọ̀gá wa. Ni mo bá jókòó bí ọ̀gá, mo fa ojú ro, mo ní kó kọ́kọ́ fi mí dánra wò. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹkún gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dé àárín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ tán, ó sì gbé orí sókè.

A jọ wọ ọ́fíìsì. Mi ò sọ ju “Ẹ káàárọ̀ mà” lọ. Ọmọ náà dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Lọ́jọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ ká rí ìyá mi, mà. Bí mi ò bá lọ, wọn ò ní fojú kan ọmọ wọn.”

Ọ̀gá wa bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ń fi aṣọ nù ún, ó ń nù ún. “Ṣé ìyá rẹ ṣì ń mọ̀ ẹ́?”

“Kì í ṣe gbogbo ìgbà, mà. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí lórúkọ.”

Ó fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n máa ṣí géètì ilé ìwé fún ọmọ yìí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè ìdí, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Nígbà tí ọmọ náà jáde, ó kọjú sí mi.

“O ti mọ èyí látọjọ́ wo?”

“Ó ti pẹ́, mà.”

“O sì ń wò mí títí mo fi fẹ́ kó ẹrù ẹ síta?”

“Mi ò fẹ́ kí ẹ kó o síta rárá, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọjọ́ náà gan-an ló kọ lẹ́tà mi. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù pé wọ́n ti fún mi láyè láti dúró, ó kígbe ọpẹ́ sí Ọlọ́run títí mo fi gbé fóònù náà jìnnà sí etí.

*

Lẹ́yìn tí a gbàwé ẹ̀rí, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Màmá Odùgbẹ̀san lẹ́nu. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá máa kọ́ àwọn tuntun.

“Màmá, Gẹ̀ẹ́sì mi ò dáa. Wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé Gẹ̀ẹ́sì lọmọ Ìlárá fi ń sunkún?”

Mo kọ́ wọn ní Yorùbá. Yorùbá Kétu pọ̀ níbẹ̀, ti Rẹ́mọ díẹ̀, Faransé nígbà tí inú bá ń bí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí di igbákejì mi. Òun tó ń làágùn nítorí ìdákẹ́jẹ́ ló wá ń mú aago lọ́wọ́ fún àwọn mìíràn, ó sì sọ fún mi pé kódà ìwàásù òun ti kúrú, ìjọ sì ń dúpẹ́. Ọdún kẹta, àwọn tí a ti kọ́ ti wà káàkiri ilé ìwé Rẹ́mọ. Bí mo bá ń kọjá ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ìpẹ̀rú, tíṣà kan á nawọ́ sí mi láti òdì kejì títì. Mo ti dẹ́kun dídá sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn. Mi ò mọ ọjọ́ tí mo dẹ́kun rẹ̀.

Ní ọdún náà ni mo ṣí ìwé orúkọ àwọn tuntun tí mo rí orúkọ ọ̀gá mi. Mo rò pé àṣìṣe ni. Lọ́jọ́ Sátidé, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé àti báírò.

Nígbà tó kàn án láti gbọ́, kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi sọ fún ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ pé, “Ohun tí o máa ṣe nìyí.” Mo tẹ rẹ́kọ́dà. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ohùn tó ń dé géètì. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu, mo ní, “Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mà.” Ó dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbálẹ̀ náà mọ́ ju bí èmi ṣe gbá a lọ nígbà tèmi.

Sátidé tó kẹ́yìn, a kì í fi ọ̀rọ̀ eré kọ́ wọn mọ́. Kálukú á mú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wá, èyí tó bá wù ú. Wọn kò pé lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí kò ní ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀gá mi ni. Mo gbé àga, mo lọ jókòó níwájú rẹ̀.

Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Mo jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti sún mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ títí àwọn yòókù fi ń kó àga jọ. Mi ò gbà á nímọ̀ràn kankan. Nígbà tó parí, ó mí kanlẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó wò mí.

“Ṣé wàá kọ eléyìí sínú ìwé?”

“Rárá, mà.”

Mi ò kọ ọ́ nígbà náà. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.